Orúkọ Tó Wà Lẹ́yìn Páálí Àwo

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti oko dé, ẹ kú àbọ̀. Ẹ̀yin ahunṣọ Ìṣẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣì wà nídìí òfì, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀yin awakọ̀ tẹ́ ẹ ti Ìbàdàn bọ̀, tẹ́ ẹ forí lé Ṣakí, ẹ rọra wá o. Ilé ò sá lọ. Ẹ bá mi yí rédíò yín sókè díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ àwo orin àtijọ́ la fẹ́ sọ lálẹ́ yìí: rékọ́ọ̀dù dúdú, kásẹ́ẹ̀tì, àti àwọn àwo àkójọ tí àwọn òyìnbó ń fi orin rọ́ọ̀kì tiwa ṣe.

Mo ti gbọ́ ẹ̀rín ẹnì kan. "Rọ́ọ̀kì kẹ̀? Rọ́ọ̀kì wo ló kan ará Ìgbòho?" Ẹ ní sùúrù, a ó débẹ̀.

Kí n tètè là á mọ́lẹ̀ pé n kì í ṣe ara àwọn tó gbà pé gbogbo ohun tó ti lọ ló dára. Ẹ má jẹ́ ká purọ́ fúnra wa. Àwo tí eruku ọyẹ́ bá ti bà lé, ta-ta-ta ni abẹ́rẹ́ ń ta lórí ẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ irú eruku tó ń jà níbí bí ọyẹ́ bá dé. Èyí tí wọ́n bá gbàgbé sójú fèrèsé nínú oòrùn á ká kò, abẹ́rẹ́ á máa gòkè, á máa sọ̀ lórí ẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbà lára kásẹ́ẹ̀tì míì, tí wọ́n tún wá gba òmíràn lára ìyẹn, ariwo ṣíì tó ń hó nínú ẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bo olórin mọ́lẹ̀. Bátìrì tó bá sì ti fẹ́ kú, Olóyè Ebenezer Obey á bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Fóònù tó wà lọ́wọ́ ọmọdé lónìí ń gbé ohùn jáde ju gbogbo ìyẹn lọ. Torí náà, bí àgbàlagbà bá ń bá mi jiyàn pé ohùn àwo ló mọ́ jù, mo máa ń dákẹ́ ni. Àgbà ni wọ́n. Àmọ́ ohun kan wà tí àwo ní, tí kásẹ́ẹ̀tì sọ di kékeré, tí fóònù wá pa rẹ́ pátápátá. Ẹ̀yìn páálí ni.

Ẹ gbé páálí àwo ńlá kan, ẹ yí i padà. Ẹ ó rí orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, bóyá Decca, bóyá EMI, bóyá Philips. Ẹ ó rí nọ́ńbà. Bí ẹ bá ṣe oríire, ẹ ó rí ọdún, ẹ ó rí ẹni tó kọ orin, ẹni tó ta gìtá, ẹni tó lu ìlù, ẹni tó jókòó ti ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀. Béba róbótó tó wà láàárín àwo fúnra rẹ̀ á tún díẹ̀ sọ nínú ẹ̀, kí páálí má baà sọnù kí gbogbo ọ̀rọ̀ bá a lọ.

Orin Yorùbá ti wà lórí àwo tipẹ́. Lọ́dún 1922 ni Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá tó bí bàbá Fela, kọ orin ìjọ lédè Yorùbá sórí àwo Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwo ìgbà yẹn, tó bá já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Ìgbà 78 ló ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú kan kì í sì í gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Onísákárà tó bá fẹ́ ki olówó kan dáadáa, kó tó dé orí oríkì ìyá rẹ̀, àwo ti tán. Ọdún 1948 ni ilé iṣẹ́ Columbia l'Amẹ́ríkà mú àwo ńlá oníke jáde, èyí tó ń rọra yí, tí ojú kan rẹ̀ gbà tó ogún ìṣẹ́jú àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òyìnbó fi í kó orin kéékèèké mẹ́wàá, méjìlá, jọ. Àwa ní tiwa, a rí i pé ààyè òde ìnáwó ló ṣí sílẹ̀ fún wa yẹn. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1970 sí 1980, Obey àti Sunny Adé á bẹ̀rẹ̀ orin látìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti kan àwo, wọn ò ní dúró títí ojú kìíní á fi tán. Haruna Ishola àti I. K. Dairo tilẹ̀ dá ilé iṣẹ́ àwo tiwọn sílẹ̀, Star Records, lọ́dún 1969, kí èrè má baà máa bá òyìnbó lọ. Lọ́dún 1979, Haruna Ishola tún kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk s'Íjẹ̀bú-Igbó.

Níbí, iyàrá àlejò ni rédíógíráàmù ń gbé. Ẹ rántí àpótí onígi gbọ̀ọ̀rọ̀ yẹn, rédíò lápá kan, ẹ̀rọ àwo lápá kejì, aṣọ funfun tí ìyàwó ilé rán ọ̀já sí létí ló sì máa ń bò ó. Àgbẹ̀ tábà tó bá gbowó n'Ìṣẹ́yìn, tàbí ẹni tí iṣu rẹ̀ tà dáadáa, bó bá ti kan páànù mọ́lé, òun ló kàn. Ibi tí iná mànàmáná ò tíì dé, oníbátìrì ni wọ́n ń rà. Wọn kì í sì í jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kàn án. Ohun tí ọmọdé lè fọwọ́ kàn ni páálí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ ka ìwé tí kì í ṣe ti ilé ẹ̀kọ́.

Àmọ́ o, páálí tiwa kì í sọ tán. Ọ̀pọ̀ páálí jùjú àti ti àpàlà, ọ̀gá nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Àwọn ọmọ ẹ̀yìn á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á tò lẹ́yìn ọ̀gá nínú fọ́tò, kò sì sẹ́ni tó máa sọ pé onígangan ni ti apá òsì. Kí ló dé tí èyí ò fi dùn wá púpọ̀ nígbà náà? Ìdí ni pé inú orin ni orúkọ wà. Olórin á pe onígìtá rẹ̀ kó tó gbé gìtá fún un. Á pe aláṣọ, á pe onímọ́tò, á pe ẹgbẹ́ tó gbé e lọ síbi ìnáwó. Orin "Oroki Social Club" tí Haruna Ishola gbé jáde lọ́dún 1971, orúkọ ẹgbẹ́ kan l'Óṣogbo ni. Ẹni tó bá jókòó ti àwọn àwo wọ̀nyí pẹ̀lú bíírò lọ́wọ́, á kọ orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ilẹ̀ Yorùbá ìgbà náà jọ, ìlú dé ìlú, òwò dé òwò. N kò mọ ilé ìkówèésí tó ní irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Kásẹ́ẹ̀tì ló wá tẹ̀ lé e. Ilé iṣẹ́ Philips ló mú un jáde lọ́dún 1963. Ọ̀gbẹ́ni ará Netherlands kan, Lou Ottens, ló ṣáájú àwọn tó ṣe é. Ó wọ àpò, ó wọ mọ́tò, kì í fọ́, bí okùn inú rẹ̀ bá sì já sóde, bíírò la fi ń ká a padà. Kò pẹ́ tó fi gba ìgboro. Pẹ̀lú rẹ̀ ni iṣẹ́ kan dé tí mo rò pé a ò tíì fún ní iyì tó yẹ ẹ́, ìyẹn iṣẹ́ àwọn tó ń gba orin sínú kásẹ́ẹ̀tì.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí ṣọ́ọ̀bù wọn nítòsí gáréèjì àti lẹ́bàá ọjà. Ẹ̀rọ méjì á dojú kọra, àwo á tò dé àjà, ẹ̀rọ agbóhùnsókè kan á wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dá gbogbo àdúgbò lóró. Ẹ á mú kásẹ́ẹ̀tì òfìfo lọ, oní-60 tàbí oní-90. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kan ni ti oní-60; oní-90 gba márùndínláàádọ́ta. Ẹ á sọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́. Ahunṣọ á ní kí wọ́n bá òun fi àpàlà sójú kìíní torí àárọ̀, kí wọ́n fi jùjú sójú kejì torí ọ̀sán, nígbà tí ọwọ́ tó ń ju ọ̀kọ̀ bá ti fẹ́ máa falẹ̀. Awakọ̀ á ní fújì ni kí wọ́n kó kún un, kí oorun má baà gbé òun lọ láàárín Òkèhò sí Ìṣẹ́yìn. Ọkùnrin tó ń gba orin náà ò ní kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ó ti mọ orin tó gba ìṣẹ́jú méje àti èyí tó gba mẹ́rin, kó má baà di pé okùn tán nígbà tí orin kù díẹ̀. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá ṣẹ́kù, ó mọ orin I. K. Dairo tó máa wọ inú ẹ̀. Iṣẹ́ àṣàyàn ni, iṣẹ́ etí ni, ohun kan náà tí wọ́n ń fi orúkọ ńlá pè ní Lọ́ńdọ̀nù lónìí ló ń ṣe fún owó táṣẹ́rẹ́.

Àmọ́ kò sanwó fún olórin kankan. Ohun tó sì máa ń kọ sára kásẹ́ẹ̀tì ni "Obey, Nọ́ńbà 3" tàbí "Fújì Gbankọgbì". Látibẹ̀ ni orúkọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́. Onílù ò sí níbẹ̀ mọ́, ọdún ò sí níbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn tí ìjọba gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP kalẹ̀ lọ́dún 1986, náírà já wálẹ̀, ohun èlò tí wọ́n fi ń tẹ àwo, òkè òkun ló sì ti ń wá. Nígbà tó fi máa di àárín ọdún 1990 sí 2000, àwo oníke ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò lọ́jà. Síídì dé, kò pẹ́ lọ títí. Mẹ́mọ́rì káàdì ló gba ipò rẹ̀: ẹ gbé fóònù fún ọmọ tó jókòó ti kọ̀ǹpútà lábẹ́ agboòrùn, ó kó ọgọ́rùn-ún orin sí i kẹ́ ẹ tó mu omi tán. Ẹ wá wo ojú fóònù nígbà tí orin bá ń lọ. "Track 07" lẹ ó rí. Ta ni Track 07? Ọmọ ìlú ibo ni?

Rọ́ọ̀kì tí mo ní kẹ́ ẹ ní sùúrù fún ti dé. Ní nǹkan bí ọdún 1970 sí 1977, àwọn ọ̀dọ́ kan wà nílẹ̀ yìí tí wọ́n gbé gìtá oníná kọ́rùn, tí wọ́n ń fi í pariwo bí àwọn òyìnbó ìgbà náà, ṣùgbọ́n tí ìlù wọn ò gbàgbé ilé. Àwọn mẹ́ta kan para pọ̀, Berkley Jones tó ń ta gìtá, Laolu Akins onílù, àti Mike Odumosu. Wọ́n mú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú orúkọ wọn, wọ́n pe ara wọn ní BLO. Àwo wọn àkọ́kọ́, "Chapter One", jáde lọ́dún 1973. Ọdún kan náà ni àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ St. Gregory's l'Ékòó, tí wọ́n ń jẹ́ Ofege, gbé "Try and Love" jáde. Joni Haastrup ní Monomono. Táyé àti Kẹ́hìndé Lijadu, àwọn ìbejì, ń kọrin lédè Yorùbá àti lédè Gẹ̀ẹ́sì lórí gìtá tó ń ké. Biddy Wright ló bá wọn to orin wọn. Ginger Baker, onílù òyìnbó tó gbajúmọ̀, wa mọ́tò la aginjù Sàhárà kọjá wá sí Nàìjíríà lọ́dún 1971, ó sì kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ s'Ékòó. Paul McCartney náà wá sí ilé ìgbohùnsílẹ̀ EMI l'Ápápá lọ́dún 1973 láti ṣe àwo "Band on the Run".

Gbogbo ariwo yìí, kò tà tó jùjú. Nígbà tó yá, ó parẹ́. Àwọn tó ṣe é kò pe orúkọ ara wọn nínú orin bí ti àwọn onífújì. Orin ìfẹ́ àti orin òmìnira ni wọ́n ń kọ. Bí páálí wọn bá sọnù, àwọn náà sọnù nìyẹn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ọkàn síbẹ̀ yẹn, torí òun ló jẹ́ kí iṣẹ́ àwọn olùkójọ níye.

Lọ́dún 2001, ilé iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù gbé "Nigeria 70" jáde. Lọ́dún 2008, Soundway, tí Miles Cleret dá sílẹ̀, gbé "Nigeria Rock Special" jáde. Lọ́dún 2016, Now-Again l'Amẹ́ríkà gbé "Wake Up You!" jáde ní apá méjì, ìwé sì wà nínú apá kọ̀ọ̀kan. Ọmọ Nàìjíríà, Uchenna Ikonne, ló kọ ìwé náà. Ó wá àwọn olórin yẹn kàn, ó béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, ó sì to ìtàn wọn láti orí ẹgbẹ́ kan dé òmíràn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níhìn-ín pàápàá, ní Orílẹ̀-èdè Benin àti Tógò, Samy Ben Redjeb ti Analog Africa ṣe irú ẹ̀ lọ́dún 2008, ó pè é ní "African Scream Contest". Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ná ọjà Òkèrètè ní ibodè mọ̀ pé ibi tí wọ́n ti kọ orin yẹn kò jìnnà sí wa tó bí ẹnu ibodè ṣe ń jẹ́ kó dà bíi pé ó jìnnà.

Mo kí wọn. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé pọ́ùn àti dọ́là ni wọ́n fi ń tà á; ọmọ Ṣakí ò lè rà á. Ìkejì sì ni pé etí tiwọn ni wọ́n fi ṣa orin. Gìtá tó ń hó, ìlù tó ṣeé jó nílé ijó òyìnbó, ìyẹn ni wọ́n ń wá. Àpàlà ò wọ inú ẹ̀, ìjálá ò débẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi àwọn àwo àkójọ yẹn nìkan mọ Nàìjíríà ìgbà náà, á rò pé gìtá oníná la fi ń sọmọ lórúkọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sí orúkọ kan, Laolu Akins, onílù BLO. Lọ́dún 1989, àwo kan jáde tí kò sí òde ìgbéyàwó tí wọn ò ti lò ó, láti Kíṣì dé Ìgànná: "Ace", ti Sir Shina Peters. Ẹ rántí bí ìlù yẹn ṣe yára, bó ṣe ń gbéni dìde lórí àga. Laolu Akins yìí kan náà ló darí ìgbohùnsílẹ̀ àwo náà. Onírọ́ọ̀kì àná ló wà lẹ́yìn afro-jùjú tẹ́ ẹ fi ná owó lójú agbo. Ẹni tó ń béèrè pé rọ́ọ̀kì wo ló kan ará Ìgbòho, ṣé ẹ ti rí i báyìí? Kò sì sí fóònù tó máa sọ ìyẹn fún yín. Ẹni tó ka páálí ló mọ̀.

Owó pẹ̀lú wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ ti ọdún 2022 ní Nàìjíríà fún ẹni tó kọ orin ní ẹ̀tọ́ lórí ẹ̀ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìyẹn ni pé ọmọ olórin àti ọmọ ọmọ rẹ̀ lè jẹ nínú ẹ̀. Àmọ́ ta ni wọ́n fẹ́ sanwó fún bó bá jẹ́ Track 07 ló kọ ọ́?

Ta wá ni yóò ṣe àkójọ tiwa? Alábí Ògúndépò, ọmọ Ṣakí, ìjálá rẹ̀ tó àkójọ. Ògúndáre Fọ́yánmu l'Ógbòmọ̀ṣọ́, òun náà tó o. Odòlayé Àrẹ̀mú, onídadakúàdà Ìlọrin, àwọn ènìyàn wa ní apá Ìgbẹ́tì àti Kíṣì gbọ́ ọ bí ẹni pé ọmọ ilé wọn ni. Mo mọ̀ pé àwọn àwo wọ̀nyí wà nílé yín, nínú yàrá bàbá tó ti kú, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú àwọn ìwé ilẹ̀. Ẹ má tíì gbé e fún àwọn tó ń ra àlòkù kiri, tí wọ́n ń fi abọ́ ike pààrọ̀ rẹ̀. Òun ni wọ́n ń tà l'Ékòó fún àwọn tó ń kó o lọ sókè òkun.

Ìtọ́jú rẹ̀ ò le. Ẹ gbé e dúró lóòró bí ìwé, ẹ má tò ó lé ara wọn. Ẹ gbé e jìnnà sí fèrèsé àti sí òrùlé páànù. Bó bá dọ̀tí, omi tútù tó mọ́ àti aṣọ rírọ̀ tó, ẹ kàn má jẹ́ kí omi kan béba àárín. Àwọn àwo àtijọ́ tó máa ń fọ́ yẹn, ẹ má fi sípíríìtì nù ún. Á jẹ ẹ́. Kẹ́ ẹ tó gbé àwo èyíkéyìí sórí ẹ̀rọ, ẹ yẹ abẹ́rẹ́ wò: abẹ́rẹ́ tó ti jẹ ń gbẹ́ orin dànù ni. Ohun tó ṣe pàtàkì jù, ẹ mú ìwé àti bíírò. Ẹ kọ gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn páálí àti lára béba àárín, títí kan nọ́ńbà kékeré tó wà níbẹ̀, torí nọ́ńbà yẹn ló ń sọ ilé iṣẹ́ àti ìgbà tí àwo jáde nígbà tí wọn ò bá kọ ọdún sí i. Bí ìyá tàbí bàbá kan bá ṣì wà nílé tó mọ ẹni tó dúró lápá òsì nínú fọ́tò, ẹ kọ tirẹ̀ náà kún un.

Àkókò mi ti ń lọ. Àwo jùjú kan wà níwájú mi níbí, onílé kan ló yá wa. Ojú kìíní rẹ̀ gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mo sì fẹ́ gbé gbogbo ẹ̀ sí i láìjá a. Orúkọ ọ̀gá wà lára páálí, orúkọ onígìtá kejì tó ń fèsì fún un ni kò sí. Ẹ tẹ́tí sí ọwọ́ rẹ̀ dáadáa ní ìlàjì orin, níbi tí ọ̀gá ti dákẹ́. Ẹni tó bá dá a mọ̀ láàárín yín, kó pè wá lórí fóònù kí orin tó tán. A ti ṣí ìwé sílẹ̀.